Ọdún Tí Wọ́n Pe Mísì Dórìn Ní Àjẹ́

Obìnrin tó ń gbé lókè ilé wa ní Peckham, ní London, ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní wíìṣì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn èèyàn wa máa ń túmọ̀ sí àjẹ́. Mísì Dórìn là ń pè é. Òyìnbó ni, ó ti dàgbà, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ láìbìrì kan ní Catford. Kánsù tó ni ilé náà ló pín in sí méjì. Àwa wà nísàlẹ̀, òun wà lókè, ilẹ̀kùn ìta kan náà la sì jọ ń gbà wọlé. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì, Dádì ń wa bọ́ọ̀sì, ṣíìfù wọn kì í sì í bára mu. Bí àwa ọmọ bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí wọn ò tíì wọlé, òkè là ń lọ. Èmi, Sídíkà, ni àgbà. Kúdí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìwé kà ni. Mísì Dórìn á po tíì oníwàrà fún wa, á fi bọ́tà ra búrẹ́dì, á jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì rẹ̀, òun á sì máa gbọ́ rédíò rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bá ronú kàn án lónìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn, torí pé nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sí irú ẹ̀.

Ilé tiwa kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni kásẹ́ẹ̀tì Kùránì Dádì á ti máa dún jẹ́jẹ́ nínú pálọ̀, ká tó gbọ́ kẹ́tùlù, ká tó gbọ́ bàtà Mọ́mì nínú kọ́rídọ̀ bí wọ́n ṣe ń sáré kí bọ́ọ̀sì má baà fi wọ́n sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata á pariwo títí etí á fi di, òórùn ata díndín á sì gun òkè lọ bá Mísì Dórìn. Mọ́mì kì í jẹ́ kí òórùn yẹn lọ lásán. Wọ́n á bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ sínú abọ́, wọ́n á ní kí n gbé e lọ, obìnrin náà á sì jẹ ẹ́ tán tòun ti omijé lójú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fọ abọ́, kí n gbá kọ́rídọ̀, kí n ṣa ẹ̀wà. Ọdún yẹn náà ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Dádì, dé láti Ìsẹ́yìn, tí wọ́n gba àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Wọ́n á máa wo àwọn tó ń kọjá, wọ́n á máa fa tẹ̀sùbáà wọn, bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ wọlé, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi onítọ̀hún: “Ta ló fojú rí i?” Mọ́mì ní ìbéèrè yẹn ti pa òfófó púpọ̀ ní Ìsẹ́yìn.

Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tábìlì kékeré kan wà tí Mísì Dórìn ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ère obìnrin kan wà lórí rẹ̀, àti ère ọkùnrin kan tó ní ìwo, àwọn àbẹ́là, ife, abọ́ iyọ̀, àti ọ̀bẹ kan tí èèkù rẹ̀ dúdú. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ni wọ́n wà fún. Kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún mi. Ó ní, “Wíìṣì ni mí, Sídíkà. Ẹ̀sìn mi ni. Bí ẹ̀yin ṣe ní mọ́ṣáláṣí, àwa náà ní ibi tá a ti ń péjọ, àmọ́ inú ilé la ti ń ṣe tiwa.” Tíì tutù níwájú mi. Nígbà tí Mọ́mì dé, mo tọ̀ wọ́n lọ ní kíṣìnì, mo sọ ohun tí mo gbọ́. Mọ́mì ò dá ọwọ́ ọbẹ̀ tí wọ́n ń rò dúró. Wọ́n ní, “Ó ti sọ fún mi kó tó gbà láti máa wò yín. Mi ò bá a débẹ̀. Ṣé ó fìyà jẹ yín rí? Ṣé ó fún yín ní ẹlẹ́dẹ̀ jẹ?” Mo ní rárá. “Ó dáa. Ṣáà má sọ fún Àǹtí Ráfátù.”

Àǹtí Ráfátù jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá Dádì. New Cross ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì máa ń wá sọ́dọ̀ wa ní gbogbo Sunday. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń di irun wa, àwọn ni wọ́n ra kóòtù òtútù àkọ́kọ́ tí Kúdí wọ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ayé ń bà wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ti ṣègbéyàwó tipẹ́, wọn ò tíì bímọ, gbogbo ohun tí ọkàn wọn ò bá sì ti gbà, ọwọ́ ọmọ aráyé ni wọ́n máa ń rí níbẹ̀. Lásìkò tí ewé ń já bọ́, tí àwọn ọmọ òyìnbó ń múra láti wọ ìbòjú kiri, àwọn ẹgbẹ́ Mísì Dórìn wá bí wọ́n ṣe máa ń wá ní ọjọ́ ọdún wọn. Wọn ò pọ̀. Tíṣà wà nínú wọn, obìnrin kan tó ń pín lẹ́tà wà nínú wọn, kóòtù òjò ni wọ́n wọ̀ bíi gbogbo èèyàn. Àá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lókè àjà bí wọ́n ṣe ń yípo, tí wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ náà, Mọ́mì rán Kúdí pé kó lọ dá abọ́ padà, kò sì tètè sọ̀ kalẹ̀. Àǹtí Ráfátù ní àwọn á lọ pè é. Ilẹ̀kùn ò sé. Ohun tí wọ́n rí ni àbẹ́là tó ń jó lọ́sàn-án gangan, àwọn èèyàn tó dúró yípo, Mísì Dórìn láàárín wọn tó gbé ọ̀bẹ sókè, àti Kúdí lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó ń jẹ kéèkì.

Àǹtí gbé Kúdí kọ́ èjìká sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé ilé ń jóná. Wọn ò pariwo. Ohùn wọn tó lọ sílẹ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. “Ilé àjẹ́ lẹ̀ ń gbé,” ni wọ́n sọ fún Dádì. “Ẹ sì kó ọmọ lé e lọ́wọ́.” Dádì wo Mọ́mì, Mọ́mì wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà dá tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́, wọ́n wo òkè àjà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Wọn ò béèrè ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn, èyí sì ṣe mí ní kàyéfì.

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Kúdí. Ó kọ́kọ́ bì, ara rẹ̀ wá ń gbóná, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ikùn òun. Mọ́mì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àǹtí Ráfátù tó wà nílé lọ́jọ́ náà ní dókítà ò lè mọ̀ ọ́n, wọ́n ní ohun tí wọ́n fún un jẹ lókè ló ń bá a jà, kí Dádì pe àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí kí wọ́n wá ka Kùránì sí omi fún un. Dádì ń lọ, wọ́n ń bọ̀ nínú kọ́rídọ̀, fóònù lọ́wọ́, wọn ò mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n pè. Mo jókòó ti Kúdí, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà gbóná bí ife tíì. Bí Mọ́mì ṣe wọlé, wọn ò bọ́ kóòtù. Wọ́n tẹ ikùn náà lẹ́ẹ̀kan, Kúdí ké, Mọ́mì sì gba fóònù lọ́wọ́ Dádì. Ọkọ̀ ọsibítù dé, wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àpẹ́ńdíìsì ni, ìfun kékeré kan nínú ikùn, ó ti bẹ́ sínú. Dókítà sọ fún Dádì pé bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan míì. Nígbà tí Dádì sọ èyí fún Àǹtí, èsì wọn ò pẹ́: “Dókítà rí ìfun. Kò rí ẹni tó mú ìfun náà.”

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò nílé wa. Mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹran, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ kíláàsì mi kan tí ìyá rẹ̀ mọ Àǹtí. Ẹnì kan ju ẹyin mọ́ ilẹ̀kùn ìta wa, Mísì Dórìn sì mú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àkísà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń nu ún. Mo fẹ́ lọ ràn án lọ́wọ́, Dádì ní kí n wọlé. Ìyà ńlá ló jẹ́ fún Dádì, mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ọmọ wọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, gbogbo èèyàn wọn ń wo ojú wọn, kò sì sí ìdáhùn kan tí wọ́n lè fún àwọn èèyàn náà tí kò ní ba ilé kan jẹ́. Nígbà tó yá, Alàájì Sàláwù ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Alàájì ti wà ní London láti ìgbà tí wọ́n wá kàwé ní ọ̀dọ́mọkùnrin, wọ́n ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ tí a máa ṣe tí kì í ṣe àwọn ni alága. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn á gun òkè lọ, àwọn á sì sọ fún obìnrin náà pé kó kó kúrò.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú Sunday yẹn, mo ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí Ìyá Àgbà dìde lórí àga wọn. Wọ́n so gèlè, wọ́n ní, “Fọ ọwọ́ rẹ. Mú mi lọ sókè.” Mo rò pé àwọn ló fẹ́ kọ́kọ́ bá a jà. Mísì Dórìn ṣílẹ̀kùn, ó wo èmi, ó wo arúgbó tó dúró lẹ́yìn mi, ó sì fàyè sílẹ̀ fún wa. Ìyá Àgbà jókòó, wọ́n wo tábìlì tí ère wà lórí rẹ̀ dáadáa, wọ́n ní, “Sọ fún wọn pé mo kí wọn. Sọ fún wọn pé ìyá bàbá ọmọ tó ń ṣàìsàn ni mí. Ìbéèrè ni mo bá wá. Bi wọ́n pé ṣé àjẹ́ ni wọ́n.” Mi ò ní ọ̀rọ̀ míì tí mo lè fi sọ ọ́. Mo ní “wíìṣì”, Mísì Dórìn sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo yíjú sí Ìyá Àgbà, mo ní, “Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́, Ìyá Àgbà, kò jọ pé ohun kan náà ni.” Wọ́n ní, “Ìwọ ṣáà máa túmọ̀.” Mo ti ṣe ògbufọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà náà, ní ọsibítù àti ní kóòtù, kò sì tíì sí ọ̀rọ̀ kan tó wúwo lẹ́nu mi tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìyá Àgbà béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Mísì Dórìn ní obìnrin kan ní Catford ni, ó ti kú, ẹlòmíràn ló sì kọ́ ìyẹn náà. Ó ní béèyàn bá ń tọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, á dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nílẹ̀ òkèèrè, tó kọ̀wé nígbà tí wọ́n ti pa òfin tó de irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé òun bá àwọn àgbà kan pàdé tí wọ́n ṣì ń ṣe ẹ̀sìn tó wà kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. “Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́,” ló wí. “Ní báyìí, mo rò pé òun àti àwọn obìnrin tó bá a ṣiṣẹ́ ló kó o jọ, àwọn míì látinú ìwé, àwọn míì látinú orí ara wọn. Ẹ̀sìn tuntun ni, aṣọ àtijọ́ ló wọ̀.” Nígbà tí mo túmọ̀ èyí, Ìyá Àgbà mi orí. Wọ́n ní, “Ó ṣeé ṣe fún un láti purọ́ fún mi níbẹ̀ yẹn, kò sì purọ́. Ta ló ń sìn?” Ó ní ìyá kan ni, tó ni òṣùpá àti ilẹ̀, àti ọkọ rẹ̀ oníwo, tó máa ń kú nígbà òtútù, tí wọ́n á tún bí i nígbà tí oòrùn bá ń padà bọ̀, àwọn ọdún wọn sì ń tẹ̀ lé ìrìn oòrùn láti ìgbà òtútù dé ìgbà ìkórè. Ó ní ìwo àgbọ̀nrín ni ìwo yẹn, kò kan Ṣàìtánì. Ìyá Àgbà tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́run lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ wọn.

“Bi wọ́n pé ta ni olórí wọn,” ni Ìyá Àgbà tún wí. “Ṣé ẹnì kan wà tó lè pàṣẹ ibi fún wọn, tí wọ́n á sì ṣe é?” Mísì Dórìn ní òun ni olórí ẹgbẹ́ tòun, pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò sí ẹnì kan lórí gbogbo wọn. Ó ní ìpele mẹ́ta lèèyàn máa ń là kọjá, ẹni tó bá dé ìkẹta lè lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, obìnrin ló sì ń ṣáájú. Ó ní òfin tó lágbára jù nínú ẹ̀sìn àwọn ni pé kéèyàn má pa ẹnikẹ́ni lára, àti pé ohun tó o bá rán jáde, ìlọ́po mẹ́ta ló máa fi padà wá bá ọ. Ìyá Àgbà tún béèrè pé, “Kí ló fún Kúdí?” Mísì Dórìn yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní kéèkì olóyin ni. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lòun ti ń rò ó pé bóyá inú ti ń run ọmọ náà nígbà yẹn, tóun ò sì kíyè sí i. Kò ju ìyẹn lọ. Ìyá Àgbà wo ojú rẹ̀ títí, kí wọ́n tó dìde. “Sọ fún wọn pé mi ò gba ẹ̀sìn wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run. Sọ fún wọn pé tó bá di ọ̀la, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn, kí wọ́n má ṣe ṣí i fún ẹnikẹ́ni.” Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Èmi àti Mísì Dórìn, kò sí nínú àwa méjèèjì ẹni tó mọ̀ bóyá ìhàlẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì wà lọ́sibítù lọ́dọ̀ Kúdí. Alàájì Sàláwù dé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mélòó kan, Àǹtí Ráfátù tẹ̀ lé wọn, bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Dádì bu omi fún wọn, wọn ò mu ún. Alàájì ní, “A ò wá jà. A kàn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ni.” Dádì ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ bá kánsù, ẹ jọ̀ọ́, Alàájì.” Wọ́n ní, “Kánsù wo ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àjẹ́?” Wọ́n sì dìde. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àtẹ̀gùn, wọ́n bá Ìyá Àgbà níbẹ̀. Ìyá Àgbà ti jókòó sí àárín àtẹ̀gùn, wọ́n tẹ́ ìró wọn gba ọ̀tún àti òsì. Ẹnikẹ́ni ò lè kọjá láìtẹ aṣọ wọn mọ́lẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká kọjá,” ni Alàájì wí. Àǹtí Ráfátù ni Ìyá Àgbà ń wò. “Ta ló fojú rí i?” Àǹtí ní, “Èmi ni, Ìyá. Mo rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.” “Kí ló fi ọ̀bẹ náà ṣe?” “Ó gbé e sókè.” “Ṣé ó fi gún ẹnì kan?” Àǹtí sún sẹ́yìn. Ìyá Àgbà wá sọ ohun tí Dádì pàápàá kò gbọ́ rí. Wọ́n ní àwọn ní ẹ̀gbọ́n kan, Àsàbí lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí ìgbóná ń pa àwọn ọmọ nínú agbo ilé, àwọn èèyàn ní Àsàbí ló ń pa wọ́n. “Mo wà nílé ọkọ, mi ò gbọ́ títí ọ̀rọ̀ fi bọ́. Àwọn èèyàn iyì ló tọ̀ ọ́ lọ, Alàájì, bíi tiyín. Wọ́n ní àwọn ò wá jà. Wọ́n ní kó ṣáà kó kúrò. Títí dòní, a ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọjá, ẹ gbé mi kúrò ńbí.” Mo gbọ́ rédíò Mísì Dórìn lókè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa gbé Ìyá Àgbà kúrò lóòótọ́, torí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Ìgbà yẹn ni Dádì kọjá láàárín wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fa ìyá wọn dìde ni. Wọ́n jókòó sí àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n sì kọjú sí Alàájì. Alàájì wò wọ́n lọ, wò wọ́n bọ̀, wọ́n wá lọ wọ bàtà wọn. Àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. Àǹtí Ráfátù ló kẹ́yìn, wọn ò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn kan ò kí Dádì mọ́ ní mọ́ṣáláṣí fún ìgbà pípẹ́, Ìyá Àgbà sì ń dá jókòó láàárín àwọn obìnrin. Kúdí padà wálé, ó rù, ó ń fi àpá rẹ̀ han gbogbo èèyàn bí ẹni pé ó gba ẹ̀bùn. Mísì Dórìn ò sùn dáadáa mọ́ nínú ilé yẹn. Nígbà tí òtútù rọlẹ̀, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ létíkun. Kó tó lọ, ó fi ẹgbẹ́ lé tíṣà tó ń gbé ní Bermondsey lọ́wọ́. Ó sọ fún mi bí wọ́n ṣe ṣe é. Ó ní òun bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ òun, òun fi sí i lọ́wọ́, òun sì lọ dúró láàárín àwọn yòókù bíi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Ìyá Àgbà, wọ́n ní, “Ó fi oyè sílẹ̀ lójú ayé rẹ̀?” Wọ́n rò ó títí. “Àwọn ọba tiwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ó pẹ́ kí Àǹtí Ráfátù tó tún wọ ilé wa. Ọjọ́ Sunday kan ni, òjò ń rọ̀, Mọ́mì ń bu oúnjẹ. Wọ́n ti rù, wọn ò bọ́ kóòtù, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà tòun ti omi òjò lára. Wọ́n ní àwọn lóyún, oyún náà sì bà jẹ́. Wọ́n ní ìyá ọkọ àwọn wá láti Èkó, ó sì ti sọ fún gbogbo ẹbí pé àwọn fúnra àwọn ló jẹ ẹ́. Wọn ò lè pe ọ̀rọ̀ náà. “Mo wá tọrọ àforíjì, Ìyá,” ni wọ́n wí. Ìyá Àgbà fà wọ́n dìde, wọ́n fi etí ìró nu ojú wọn. Wọ́n ní, “Èmi kọ́ lo ṣẹ̀, Ráfátù.” Àǹtí wo òkè àjà. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n wá jáde sí kọ́rídọ̀. Mọ́mì la ẹnu, Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́. A gbọ́ ẹsẹ̀ Àǹtí bí wọ́n ṣe ń gun òkè lọ, a gbọ́ bí wọ́n ṣe kan ilẹ̀kùn, a gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tí kánsù ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ilé náà.

Nígbà tí Àǹtí sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. “Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n,” ni wọ́n wí. “Ó ní òun ò mọ ibi tó lọ.” Ìyá Àgbà ní, “Mo mọ̀ pé kò sí lókè mọ́.” Wọ́n sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, Àǹtí Ráfátù sì wá jókòó tì wọ́n.